Inú Oríkèé Ni Ọ́ìlì Ti Ń Ṣiṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ṣéènì Kẹ̀kẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ṣéènì yìí, kí ẹ máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ má bínú, yóò kó dúdú bá ọwọ́ yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìfọ̀ ni. Tó bá kàn yín, ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ tì í síra, kí ẹ sì fà á. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ṣéènì tuntun kì í dún bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ba ṣéènì yẹn jẹ́, kì í sì í ṣe pé mi ò fún un lọ́ọ́ìlì. Ọ́ìlì gan-an ni mo fi bà á jẹ́.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni irú ọ́ìlì tó yẹ kéèyàn rà. Màá sọ ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ibo ni ọ́ìlì náà ń lọ? Ìyẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra ọ́ìlì gidi, tó wá ń fi kun ibi tí kò bá a ṣe.

Ẹ wo ṣéènì náà dáadáa tó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Irin pẹlẹbẹ méjì wà níta, irin pẹlẹbẹ méjì wà nínú. Píìnì kan gún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin já. Ihò tí píìnì gbà kọjá lára irin inú ní ètè kékeré kan tó yọ jáde. Inú ètè yìí ni píìnì ti ń yí. Orí ètè yẹn kan náà, lẹ́yìn rẹ̀, ni rólà ń yí lé, ìyẹn irin róbótó tó ń jókòó sáàárín eyín jíà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hans Renold, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Manchester, ló gbé ṣéènì onírólà jáde lọ́dún 1880. Wọ́n ti tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ tìgbà yẹn yóò dá tòní mọ̀. Láti àárín píìnì kan dé àárín èkejì jẹ́ ìdajì ínǹṣì, ìyẹn mìlímítà 12.7. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ẹ ká ìka yín kò, ẹ tún nà án. Ohun tí oríkèé ṣéènì ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ń bọ̀ lókè, ó tọ́ gbọnrangandan. Ó dé orí jíà, ó ká. Ó kúrò lórí jíà, ó nà. Tí jíà iwájú bá ní eyín 44, tí ẹ sì ń yí pẹ́dàlì ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, oríkèé 2,640 ló ń gba orí jíà yẹn kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí oríkèé kan bá ká ni píìnì rẹ̀ ń ha inú ètè irin, tòun ti gbogbo agbára tí ẹsẹ̀ yín fi ń tì í. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì níṣẹ́ sí. Ó tún níṣẹ́ díẹ̀ lábẹ́ rólà. Ara irin ìta tí à ń wò tó ń dán gbinrin yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù, òun ni kó má dógùn-ún, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá ṣẹ́kù sí i lára lẹ́yìn tí a bá nù ún tán sì ti tó fún ìyẹn.

A máa ń sọ pé ṣéènì ti nà. Irin ò nà o. Píìnì ló jẹ díẹ̀, ihò tí píìnì wà nínú rẹ̀ náà jẹ díẹ̀, àlàfo tí kò tó fọ́nrán irun sì là sáàárín wọn. Ṣéènì kan lè ní ju 100 irú oríkèé bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò àlàfo kékeré yẹn lọ́nà 100, ẹ ó mọ ìdí tí ṣéènì àtijọ́ fi ń gùn ju tuntun lọ. Awọ fẹ́lẹ́ ló bonú, kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi; rólà ló bo píìnì, kò jẹ́ ká rí ibi tó ti ń jẹ.

Ṣùgbọ́n mo rí i. Mo fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń já ṣéènì ti píìnì kan jáde lára èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn. Mo nù ún, mo gbé e sábẹ́ iná. Orí rẹ̀ méjèèjì ń dán bíi tuntun. Láàárín, ibi méjì ti wọnú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn ibi tí ètè irin inú ti ń há a mọ́ra gẹ́lẹ́. Kò hàn púpọ̀ lójú, àmọ́ nígbà tí mo fi èékánná fà á láti orí kan dé èkejì, èékánná mi kọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wàhálà ṣéènì wà nínú ibi méjì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, mo gbà pé bí ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ tó ni ṣéènì ṣe máa pẹ́ tó. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mo ń lò, èyí tó ki dáadáa, mo sì ń dà á bí ẹni ń bomi rin ewébẹ̀. Ṣéènì mi ń dán yinrin. Kò dún pín-ín. Inú mi dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti dúdú, mo bá tún da òmíràn lé e, ọgbọ́n orí mi ni pé tuntun yóò ṣan ti àtijọ́ lọ. Mo wá fi ìka méjì mú lára dúdú yẹn lọ́jọ́ kan, mo fi wọ́n ra. Ó ń rin mí lọ́wọ́ bí iyanrìn. Mo nu ìka mi sí bébà funfun, mo sì rí nǹkan wínníwínní tó ń tàn nínú rẹ̀. Irin ni. Píìnì mi àti jíà mi ni mo ń wò lórí bébà yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́ìlì tó wà níta mú eruku ojú ọ̀nà mọ́ra, eruku àti ọ́ìlì pò pọ̀, irin tó ń jẹ tún dà pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ wá di ohun tí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ ì bá fi pọ́n ọ̀bẹ. Kò sì dúró síta. Àlàfo tó wà láàárín àwọn irin yẹn ń fa ohunkóhun tó bá jẹ́ olómi wọlé, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ohun tí mo ń fi sí ṣéènì mi kí ó má baà jẹ ló wá ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo ń gun òkè, mo dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ṣéènì fo eyín jíà, orúnkún mi lọ lu irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà. Mo pààrọ̀ ṣéènì, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣéènì tuntun náà tún ń fo! Ìgbín ń fà, ìkarahun ń tẹ̀lé e: bí ṣéènì àtijọ́ ṣe ń gùn sí i ni eyín jíà ẹ̀yìn ń jẹ bá a dọ́gba, títí àwọn méjèèjì fi di ọ̀kan. Tuntun kò bá a mu mọ́. Mo ní láti pààrọ̀ jíà náà. Ìyẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ́ìlì tí a ó rà. Màá kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò yẹ kúrò.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bi mí nípa WD-40, ìyẹn olómi inú agolo tí wọ́n máa ń fín sára irin. Ọdún 1953 ni wọ́n ṣe é ní San Diego, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́tà méjì tó ṣíwájú dúró fún «Water Displacement», ìyẹn lílé omi dànù. 40 sì ni iye ìgbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ kó tó jọ. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Ó ń lé omi, ó ń tú ohun tó ti dógùn-ún, ó sì lè fọ dọ̀tí. Àmọ́ ó ṣàn púpọ̀, ohun tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá gbẹ kò nípọn tó láti dúró sáàárín píìnì àti irin nígbà tí èèyàn bá ń fẹsẹ̀ tì í gan-an. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é náà ń ṣe ọ́ìlì ṣéènì lọ́tọ̀, èyí tó fi hàn pé àwọn náà mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni.

Òróró ìdáná ńkọ́? Ẹ wo eteetí ìkòkò tí wọ́n ti fi dín nǹkan lọ́pọ̀ ìgbà, bí òróró ṣe gan síbẹ̀ bí àtè. Bó ṣe máa gan sínú oríkèé ṣéènì nìyẹn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, tí wọ́n tú jáde nínú mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èérí àti irin tí ẹ́ńjìnnì yẹn ti jẹ wà nínú rẹ̀. Tuntun rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀. Bí kò bá sí òmíràn, tí ẹ fi díẹ̀ sí i, tí ẹ sì nù ún dáadáa, ó sàn ju kí ṣéènì máa gbẹ lọ. Gírísì tí a ń fi ọwọ́ kùn sí i láti ìta ò lè wọlé, ìta náà ni yóò jókòó sí, tí yóò máa kó eruku jọ.

Gírísì tó bá ṣéènì tuntun wá láti ilé-iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn o. Ìyẹn ti wà nínú oríkèé, ó sì dára. Àwọn kan máa ń rọ̀ wá pé ká fọ gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ tí a bá ra ṣéènì. Èmi ò rí ìdí rẹ̀, àfi tí èèyàn bá fẹ́ lo ìda. Ẹ fi àkísà nu ìta rẹ̀ kó má lẹ̀ mọ́, kí ẹ sì máa gùn ún lọ.

Nínú àwọn ọ́ìlì tí wọ́n dìídì ṣe fún kẹ̀kẹ́, oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Wọ́n máa ń kọ «wet» sára ìgò ọ̀kan, wọ́n á kọ «dry» sára èkejì. Èmi máa ń pè wọ́n ní ọ́ìlì òjò àti ọ́ìlì ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ́ìlì òjò ki, ó máa ń lẹ̀, omi ò lè tètè ṣan án lọ. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò tàbí lórí ọ̀nà tó tutù, òun ni kó rà. Àléébù rẹ̀ náà ni lílẹ̀ yẹn, eruku fẹ́ràn rẹ̀ bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn egbò. Ọ́ìlì ọ̀gbẹlẹ̀ ní ìda tàbí irú nǹkan yíyọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú, wọ́n pò ó mọ́ omi kan tó máa gbé e wọnú oríkèé, tí omi náà á sì fẹ́ lọ. Ohun tó ṣẹ́kù máa ń gbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ kó eruku. Àmọ́ òjò ńlá kan ṣoṣo lè ṣan án dànù, ó sì ń béèrè pé kí a máa tún un fi sí i lemọ́lemọ́. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà lára ìgò rẹ̀: ó nílò àkókò kó gbẹ. Alẹ́ ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ gùn ún láàárọ̀. Ẹni tó fi sí i lẹ́nu ọ̀nà tó sì gbéra lójú ẹsẹ̀ kò tíì fún un ní nǹkan kan, omi tó fẹ́ fẹ́ lọ ló ń gùn kiri.

Ẹ̀ka kẹta wà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn oní-ìda ni. Wọ́n á fọ gírísì inú ṣéènì kúrò pátápátá, wọ́n á yọ́ ìda, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, wọ́n á sì ri gbogbo ṣéènì sínú rẹ̀. Wọ́n á máa mì ín títí ìda á fi wọ gbogbo oríkèé, wọ́n á gbé e kọ́ kó gan. Tó bá gan tán á le gbagidi bí igi, wọ́n á wá máa ká a ní oríkèé kọ̀ọ̀kan kó tó lè ṣiṣẹ́. Ṣéènì oní-ìda mọ́ débi pé ẹ lè fọwọ́ bà á kí ẹ sì fọwọ́ kan aṣọ funfun. Òun ni mo gbà pé ó dára jù níbi tí eruku bá pọ̀ tí òjò ò sì sí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìda ka iná ní tààràtà láé, torí ó lè gbiná. Inú ìkòkò omi ni kí ẹ gbé agolo ìda sí. Ìda àbẹ́là máa ń yọ́ kí ooru tó dé 70 lórí ìwọ̀n Celsius, omi ò sì ní jẹ́ kó kọjá 100. Èmi fúnra mi ti ṣe é, mo sì gbádùn rẹ̀. Sùúrù rẹ̀ ni mi ò ní ní gbogbo ìgbà.

Lọ́dún 1999, James Spicer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Johns Hopkins wọn iye agbára tó ń ṣòfò nínú ṣéènì kẹ̀kẹ́. Nígbà tí nǹkan dára jù, ó lé ní 98 nínú 100 agbára tí ẹsẹ̀ fi sí i tó ń dé ẹ̀yìn. Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé irú ọ́ìlì tí wọ́n lò kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá. Àwọn kan ti fi ìyẹn jiyàn pé ọ́ìlì ò ṣe pàtàkì. Ẹ rọra. Inú yàrá ìdánwò tó mọ́ ni wọ́n ti ṣe é, kò sí eruku níbẹ̀. Bí mo ṣe rò ó sí ni pé ìgò ọ́ìlì kan àti èkejì kò jìnnà síra wọn tó bí àwọn tó ń polówó ọjà ṣe ń sọ, ìdọ̀tí ló ń mú kí ṣéènì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi ìyókù àkókò mi sórí àkísà.

Ẹ yí kẹ̀kẹ́ yín sápá tí ẹ ti lè rí ṣéènì. Ẹ fi àkísà gbígbẹ di ìsàlẹ̀ ṣéènì mú, kí ẹ sì máa yí pẹ́dàlì sẹ́yìn. Dúdú á máa bọ́. Ẹ yí àkísà padà, ẹ tún un ṣe. Bí dọ̀tí bá ti gan, ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú kẹrosíìnì díẹ̀, ẹ fi họ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí kẹrosíìnì tó bá kù nínú oríkèé á ṣan ọ́ìlì tuntun dànù. Ẹ má gbé pẹtiróòlù súnmọ́ ọn, nítorí iná.

Tó bá ti gbẹ, ẹ wá oríkèé kan tó ní àmì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi so ṣéènì pọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kí ẹ lè mọ ìgbà tí ẹ bá yí i po. Ẹ kán ẹyọ ẹ̀kán kan ṣoṣo sórí rólà kọ̀ọ̀kan, ní apá inú ṣéènì, èyí tó kọjú sí eyín jíà. Ẹ má fi ìgò rọ́ ọ lọ gbuurugbu. Ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ó jọ iṣẹ́ ọ̀lẹ, àmọ́ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo ọ́ìlì tí ẹ ó lò kò sì ju bíi ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, kí kíká àti nínà oríkèé lè fa ọ́ìlì wọlé. Kí ẹ wá fi í sílẹ̀.

Ibi tí àwa èèyàn máa ń dánu dúró sí nìyí, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún mú àkísà mìíràn, èyí tó mọ́. Ẹ nu gbogbo ìta ṣéènì, ẹ nù ún bí ẹni pé ẹ fẹ́ gba ọ́ìlì yín padà. Ọkàn yín á máa sọ fún yín pé ẹ ń fi nǹkan ṣòfò. Kì í ṣòfò. Èyí tó ti wọlé ò ní jáde, èyí tó wà níta ni eruku ń wá. Tí ẹ bá fi ìka ra á, tí ìka yín sì jáde pẹ̀lú ohun tó fẹ́lẹ́ bí ojú awọ, ó ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún bíréèkì onídíìsì, ìyẹn èyí tó ń fún irin róbótó pẹlẹbẹ tó wà láàárín táyà mú. Ọ́ìlì tó bá ta sí i lára á wọnú rẹ̀, bíréèkì á máa ké, ó sì lè kọ̀ láti mú. Nítorí náà èmi kì í lo èyí tó ń fín láti inú agolo nítòsí táyà ẹ̀yìn.

Ẹnì kan béèrè lẹ́ẹ̀kan pé lẹ́yìn kìlómítà mélòó ló yẹ ká tún fún ṣéènì lọ́ọ́ìlì. Mi ò ní fún yín ní iye kan, torí ọ̀nà yín àti tèmi ò jọra. Ẹ lo etí. Ṣéènì tó gbẹ máa ń ké bí ẹyẹ kékeré nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Èyí tó dọ̀tí kì í ké, ó máa ń rún nǹkan ni. Tí òjò bá pa yín, ẹ nù ún gbẹ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ fún un lọ́ọ́ìlì kó tó di ọjọ́ kejì. Ó lè dógùn-ún mọ́jú.

Ìwọ̀n tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? Ẹ mú rúlà tó gùn ju ínǹṣì 12 lọ. Ẹ fi òdo rẹ̀ sí àárín píìnì kan, kí ẹ ka ìdajì ínǹṣì 24 lọ síwájú lórí ṣéènì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, kó fà dáadáa. Tí ṣéènì bá jẹ́ tuntun, àárín píìnì tí ẹ bá dé á jókòó sórí 12 géérégé. Tó bá ti kọjá 12 ní ìdá kan nínú 16 ínǹṣì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí iye jíà ẹ̀yìn yín jẹ́ 11 tàbí 12, torí ṣéènì tiyín tín-ínrín. Tó bá dé ìdá kan nínú 8, ó ṣeé ṣe kí jíà ti bá a lọ.

Èyí tó ń lọ láàárín yín yẹn kọjá ìdá kan nínú 8. Ọwọ́ ta ló wà báyìí? Ẹ fi rúlà tó wà lórí tábìlì wọ̀n ọ́n fúnra yín, kí ẹ sì dá a padà fún mi. Àkísà wà nínú àpò yẹn fún ọwọ́ yín.